Owó Wẹ́wẹ́ Méjì: Ẹ̀kọ́ Lórí Adùn àti Agbára Ohun Kékeré

Láti ọwọ́ àlùfáà kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yìí nígbà kan rí

Ibi kíkà: Máàkù 12:38–44, Oníwàásù 3:12–13, 2 Àwọn Ọba 5:1–14, Mátíù 10:42

Ọjọ́ 20 oṣù Kínní ọdún 1913 ni a dá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School sílẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ó ti lé ní ọdún 110, Olúwa kò sì jẹ́ kí fìtílà náà kú. Ẹ jẹ́ kí á dúpẹ́.

Nígbà àjọ̀dún bí èyí, ohun ńláńlá ni ojú máa ń rí, ohun ńláńlá ni etí sì máa ń gbọ́: ilé tuntun tí a ń ṣí, òkúta tí a gbẹ́ orúkọ olùtọrẹ sí, aṣọ ẹgbẹ́ tí ó ń dán yanran, àti iye owó tí a ń kéde láti orí pèpéle bí àtẹ́wọ́ ti ń dún. N kò bá àwọn nǹkan wọ̀nyí wí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Ayẹyẹ kì í ṣe àjèjì sí mi, orí tèmi náà sì máa ń wú nígbà tí mo bá rí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti gbé ṣe.

Ṣùgbọ́n mo yàn láti fi ẹ̀kọ́ yìí sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a kì í kéde láti orí pèpéle, mo sì ní ìdí. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kì í wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ti gbàgbé ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ojú ni ó ń tì wọ́n. Òmíràn jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó ra oògùn ìfúnpá. Òmíràn jẹ́ oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ ti wọlẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tí kò bá ní mílíọ̀nù lọ́wọ́ kò ní nǹkan kan láti mú wá. Àwọn wọ̀nyí ni mo ń kọ̀wé sí ní pàtàkì. Ṣùgbọ́n mo bẹ àwọn tí Ọlọ́run fún ní púpọ̀ pé kí àwọn náà kà á dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí ó bá ti kọ́ bí a ti ń dúpẹ́ fún ohun kékeré ni ojú rẹ̀ máa ń là sí ohun kékeré tí òun lè ṣe fún ẹlòmíràn. Ìdúpẹ́ àti oore, ìbejì ni wọ́n: bí a bá lé ọ̀kan jáde nínú ilé, èkejì kì í pẹ́ tẹ̀ lé e.

1. Ibi tí Jésù jókòó sí

Máàkù sọ fún wa pé Olúwa wa jókòó ní ọ̀kánkán àpótí ìṣúra nínú Tẹ́ḿpìlì. Kì í ṣe pé ó ń kọjá lọ tí ojú rẹ̀ kàn ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Ó jókòó, ó sì ń wo bí àwọn ènìyàn ti ń sọ owó sínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ wá, wọ́n sì sọ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni opó tálákà kan dé, ó sì sọ owó wẹ́wẹ́ méjì. Owó idẹ ni, òun ni ó sì kéré jù lọ nínú owó tí wọ́n ń ná nígbà náà. Bí a bá pín owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe kan sí ọ̀nà 64, ọ̀nà kan péré nínú rẹ̀ ni méjèèjì para pọ̀ jẹ́. Kò lè ra oúnjẹ ìgbà kan.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta nínú ìtàn yìí. Èkínní, Jésù kò sọ pé ọrẹ àwọn ọlọ́rọ̀ kò dára. Ohun tí ó ṣe ni pé ó yí òṣùwọ̀n padà: a máa ń wọn ohun tí ó wọ inú àpótí, òun sì wọn ohun tí ó ṣẹ́ kù sílé. Èkejì, kò pe opó náà síwájú ogunlọ́gọ̀ láti yìn ín. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó pè, nítorí àwọn ni ojú wọn kò tíì là. Ní ti obìnrin náà, a kò kà á pé ó mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó lọ sílé láìmọ̀ pé a ti yin òun, ìyìn náà kò sì tíì tán nílẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwa oníwàásù máa ń fò. Kí ìtàn opó yìí tó bẹ̀rẹ̀, ní ẹsẹ 40, Jésù ti bá àwọn akọ̀wé tí ń jẹ ilé àwọn opó run wí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìtàn yìí fún tálákà lọ́rùn kí ó lè mú owó oúnjẹ rẹ̀ wá, ó ti ya ojú ewé náà sí méjì, ó sì ti sọ ìdajì rẹ̀ nù. Ọrẹ ìfẹ́ ni ìtàn náà ń yìn. Ìjẹgàba ni ó ń bá wí.

Ẹ rántí ọmọbìnrin kékeré tí ó wà ní ilé Náámánì pẹ̀lú. Ẹrú ni, wọ́n kó o lógun láti ilẹ̀ rẹ̀, a kò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò ní wúrà, kò ní ẹṣin, kò sì ní àṣẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo ni ó ní: ó sọ fún ìyáàfin rẹ̀ pé wòlíì kan wà ní Samáríà. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni ó gbé olórí ogun Síríà dìde, òun ni ó sì mú un dé odò tí ó ti rí ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ.

2. Adùn tí a kò fi owó púpọ̀ rà

Oníwàásù, ẹni tí ó ti dán ọrọ̀ àti ọgbọ́n wò, parí èrò sí ibi kan tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: pé kí ènìyàn jẹ, kí ó mu, kí ó sì rí ire nínú làálàá rẹ̀, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Kò pè é ní ìwà àwọn tí kò mọ Ọlọ́run. Ẹ̀bùn ni ó pè é.

Kí ni ẹ̀bùn yìí jọ ní ilẹ̀ wa? Ẹ jẹ́ kí á mú gàrí Ìjẹ̀bú. Gbogbo Nàìjíríà ni ó mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń ronú nípa ọwọ́ tí ó ṣe é? Àwọn ìyá wa a bó ẹ̀gẹ́, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a rin ín, wọn a dì í sínú àpò, wọn a sì gbé ohun wúwo lé e kí omi rẹ̀ lè gbẹ. Lẹ́yìn náà, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Sùúrù ọjọ́ mélòó kan yìí ni ó fún un ní kíkan tí a fi ń dá a mọ̀ láàárín gàrí mìíràn. Ẹni tí ó bá kánjú kò lè rí i. Wọn a wá fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kúnná, wọn a sì yan án nínú agbada títí yóò fi gbẹ táútáú. Òógùn àti èéfín ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìwọ yóò bu ago kan, tí ìwọ yóò da omi tútù sí i lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan. Bí ìkọ́kọrẹ́ bá wà lálẹ́ ọjọ́ náà, tí a fi ewùrà tuntun sè, tí epo rẹ̀ pọ́n, tí ẹja inú rẹ̀ kò sì fi ara pamọ́, kí ni ó kù tí ọba ń jẹ tí ìwọ kò jẹ?

Ẹ̀yin tí ẹ gbé ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ rí, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. A kì í ní ju ìyẹn lọ, inú wa sì ń dùn. Nígbà tí ọwọ́ wá tẹ nǹkan, tí oúnjẹ pọ̀ lórí tábìlì, adùn náà sá lọ. Kí ló fà á? Ẹnu wa kò yí padà. Ọkàn wa ni kò sí nídìí oúnjẹ náà mọ́. A ń jẹun, a ń wo fóònù. A ń mu omi, a ń ro ti ilé tí ẹlẹgbẹ́ wa ń kọ́. A sì ń gbàdúrà orí oúnjẹ bí ẹni tí ń san owó ibodè kí ó lè kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: n kò yin òṣì. Ebi kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìtẹ́lọ́rùn, ẹni tí ó bá sì ń di owó oṣù òṣìṣẹ́ mú kò ní ẹ̀tọ́ láti wàásù ìtẹ́lọ́rùn fún un. Ohun tí mo ń wí ni pé ohun rere kékeré tí ó wà lọ́wọ́ wa nísinsìnyí, ẹ̀bùn gidi ni; kì í ṣe ohun tí a fi ń dúró de ẹ̀bùn mìíràn.

Ibí ni oko ọ̀rọ̀ mi wà. Nínú Mátíù orí kẹwàá, Olúwa wa ṣèlérí pé ẹni tí ó bá fi ife omi tútù kan ṣoṣo fún ọ̀kan nínú àwọn kékeré wọ̀nyí, kì yóò pàdánù èrè rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ta ni ó lè rántí láti bu omi tútù fún ẹlòmíràn? Ẹni tí ó mọ bí omi tútù ti dùn tó ni. Ẹni tí ń mu ún láìmọ̀ pé oore ni, kò lè kà á sí ẹ̀bùn tí ó tó fi fún ènìyàn. Títí ayé ni yóò máa dúró de ọjọ́ tí òun yóò ní ohun ńlá.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìíní, bàbá arúgbó kan wà tí ń tọ́jú ọgbà. Ní àkókò ọyẹ́, omi ẹ̀rọ kì í yọ dáadáa, àwọn ọmọ ńlá ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ pọn ún. Àwa tí a kéré yóò dúró títí agogo yóò fi lù. Bàbá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì fi ẹjọ́ sun ọ̀gá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti pọn garawa méjì, yóò gbé wọn sí ẹ̀yìn igi, yóò sì fi ọwọ́ pè wá. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ìwàásù tí mo gbọ́ ní ọdún náà. N kò gbàgbé garawa wọ̀nyẹn.

3. Ẹ̀rí láti inú ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wa

Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí fún ọdún púpọ̀, títí di ọdún 1932 tí ó lọ sí Abeokuta Grammar School. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ Síkáòtù fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Baden-Powell ni ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn àgọ́ tí ó kọ́kọ́ pa pẹ̀lú àwọn ọmọdékùnrin díẹ̀ ní ọdún 1907. Nínú òfin tí ó fi lélẹ̀, ọ̀kan wà tí ọmọdé kò lè gbàgbé: oore kan, ó kéré tán, lójúmọ́. Bí ọmọ náà bá jí, yóò ta kókó kan sí ìdí aṣọ ọrùn rẹ̀ láti fi rán ara rẹ̀ létí. Kò sí ẹni tí ó sọ bí oore náà gbọ́dọ̀ ti tóbi tó. Bí ó bá ṣa èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà kí arúgbó má baà yọ̀ ṣubú, ó tó.

Ní ọdún 1909, oníṣòwò ìwé ìròyìn kan láti Amẹ́ríkà, William Boyce, wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn, ọmọdékùnrin kan ràn án lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, nígbà tí ó sì fẹ́ fún un ní owó, ọmọ náà kọ̀ ọ́. Ó ní Síkáòtù ni òun, àwọn kì í gba owó nítorí oore. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin yìí lára. Ó wádìí ẹgbẹ́ náà, nígbà tí ó sì padà sílé, ó dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1910. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó ti gba inú rẹ̀ kọjá. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ ọmọ tí ó ṣe oore náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi ère ẹfọ̀n kan ránṣẹ́ sí Gilwell Park ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìrántí rẹ̀. Ère wà, orúkọ kò sí. Bí ti opó inú Tẹ́ḿpìlì ni, bí ti ọmọbìnrin ilé Náámánì sì ni.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní ọdún 1926, Àlùfáà Ransome-Kuti kó àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo àwọn olùkọ́ díẹ̀ nínú yàrá ìkàwé kan, tí wọ́n jókòó lórí àga àwọn ọmọ, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù àti ipò olùkọ́. Ta ni ó lè pè é ní ohun ńlá? Ṣùgbọ́n ní ọdún 1931, ẹgbẹ́ náà dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Èkó, ìṣọ̀kan yìí ni ó sì bí Nigeria Union of Teachers, èyí tí ó di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Òun ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì wà ní ipò náà títí di ọdún 1954. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

4. Iyọ̀, ṣúgà àti omi

Nígbà tí ó jẹ́ ọ̀gá níhìn-ín, ìyàwó rẹ̀, Funmilayo Ransome-Kuti, bí ọmọkùnrin kan fún un ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1927. Wọ́n sọ ọ́ ní Olikoye. Ó di dókítà àwọn ọmọdé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, ó sì jẹ́ mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti ọdún 1985 sí 1992.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ tọ́ ọmọ ní àkókò náà, ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ yín ní ilé ìwòsàn. Ìgbẹ́ gbuuru ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Kì í sábàà jẹ́ kòkòrò inú ìgbẹ́ náà gan-an ni ó ń pa wọ́n. Omi àti iyọ̀ tí ó ń tán lára wọn ni. Ní ọdún 1971, nígbà tí àwọn tí ogun Bangladesh lé kúrò nílé kún àgọ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀, tí omi tí a ń fà sí iṣan sì tán, dókítà kan tí ń jẹ́ Dilip Mahalanabis po iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀ mọ́ omi, ó sì ní kí àwọn ẹbí máa fi ife bù ú fún àwọn aláìsàn. Ṣáájú èyí, nǹkan bí 30 nínú 100 ni ó ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀, kò tó 4. Ṣúgà ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún iyọ̀ nínú ìfun, omi sì ń tẹ̀ lé wọn wọlé sínú ẹ̀jẹ̀.

Ìmọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ gbé wọ ilé àwọn mẹ̀kúnnù ní Nàìjíríà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára àti fífún ọmọ lọ́mú. Wọ́n kò retí pé kí ìyá tí ó wà ní abúlé ní òṣùwọ̀n oníṣègùn. Ohun tí ó wà nílé rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ: omi mímọ́ ìgò bíà ńlá kan, tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kékeré méjì. Ṣíbí tíì kan iyọ̀, tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ṣíbí tíì mẹ́wàá ṣúgà, tàbí ṣúgà oníkóró márùn-ún. Lónìí, oògùn ORS inú àpò kékeré àti oògùn zinc ni àwọn elétò ìlera kọ́kọ́ ń fún wa, ó sì yẹ kí a tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ni ó gba ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀nyẹn là. Ìyá tí ó jókòó lóru, tí ó ń fi ṣíbí bu omi sí ẹnu ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ni. Bí ó bá fún un ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà yóò bì í. Ṣíbí kan, kí a sinmi. Ṣíbí kan sí i. Bí ìfẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

5. Ohun tí a ó ṣe

Ẹnìkan lè bi mí pé: Àlùfáà, ṣé ṣíbí omi ni yóò tún òrùlé tí ń jò ṣe? Rárá o. Òrùlé fẹ́ páànù, páànù sì fẹ́ owó ńlá. Ojúṣe ìjọba ni, ojúṣe àwọn tí Ọlọ́run fún ní púpọ̀ sì ni pẹ̀lú. Oore kékeré kì í ṣe àwíjàre fún ẹni tí ó lè ṣe ńlá. Ṣùgbọ́n mo ti rí yàrá ìkàwé tí ilé rẹ̀ dára, tí ìwé inú rẹ̀ pé, tí kò sì sí àgbàlagbà kan tí ó jókòó ti ọmọ kan láti gbọ́ bí ó ti ń kàwé. Owó lè kọ́ yàrá náà. Kò lè jókòó ti ọmọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ojú ń tì, ẹ padà wá. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, wákàtí kan rẹ lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ọmọ márùn-ún tí ìṣirò kò yé, owó wẹ́wẹ́ rẹ nìyẹn. Káfíńtà tí ó jáde níbí, ìjókòó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mì tí o fi òòlù kàn padà, owó wẹ́wẹ́ rẹ nìyẹn. Ẹni tí ara kò gbé jáde mọ́, mú fóònù, pe ẹlẹgbẹ́ rẹ tí ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, má sì tètè pa á. Ìwọ tí o wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, kọ lẹ́tà sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ, kí ó tó di pé orí pósí ni a ó ti máa kà á. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí, ẹ wo ọmọ kíláàsì kìíní tí ó ń dá jẹun.

Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín tẹ nǹkan, ẹ má ṣe dáwọ́ ọrẹ ńlá yín dúró. A nílò rẹ̀. Ohun méjì péré ni mo bẹ̀ yín. Àkọ́kọ́, ẹ fi ohun kékeré kan kún un tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe, tí ẹ kò rán awakọ̀ tàbí akọ̀wé, kí ẹ lè mọ bí ó ti rí. Èkejì, ẹ bá wa tún òṣùwọ̀n ìpàdé wa ṣe. Mo dá a lábàá pé, nígbà ìdáwó, kí a máa ka orúkọ gbogbo ẹni tí ó mú nǹkan wá láìka iye rẹ̀, kí ìwé ìṣirò owó sì wà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá ṣe èyí, ẹni tí ó mú ẹgbẹ̀rún kan wá yóò lè jókòó ti ẹni tí ó mú mílíọ̀nù wá, bí wọ́n ti jókòó ti ara wọn nígbà tí àwọn méjèèjì wọ ṣòkòtò péńpé, tí wọ́n sì ń pín gàrí ago kan jẹ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà; ìka kékeré sì wà nínú ọwọ́ náà.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Kí ni ohun rere kékeré mẹ́ta tí o rí gbà láti òwúrọ̀ òní tí o kò tíì dúpẹ́ fún?

2. Kí ni ìdí tí Jésù fi pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, tí kò sì pe opó náà? Kí ni ẹsẹ 40 kọ́ wa nípa bí a ti ń gba ọrẹ lọ́wọ́ tálákà?

3. Ta ni ẹni tí ó ṣe oore kékeré kan fún ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí tí o kò gbàgbé? Bí ó bá wà láàyè, ọ̀nà wo ni o lè gbà jẹ́ kí ó mọ̀?

4. Ẹlẹgbẹ́ rẹ wo ni kò wá sí ìpàdé mọ́? Kí ni ìwọ yóò ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?

Àdúrà

Olúwa, ìwọ tí o jókòó ní ọ̀kánkán àpótí, tí o sì rí owó wẹ́wẹ́ méjì, la ojú wa sí oore tí a ti rí gbà, kí a lè rí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Má ṣe jẹ́ kí ìtìjú lé ẹnikẹ́ni kúrò láàárín wa, má sì ṣe jẹ́ kí ọrọ̀ fọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Bù kún ilé-ẹ̀kọ́ yìí, àwọn tí ń kọ́ni níbẹ̀ àti àwọn tí ń gbá ilẹ̀ rẹ̀, nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.